Òbúkọ Tó Jẹ Ọ̀nà

Àlọ́ mi gbéra, ó gun òkè, ó bá Ìgbín àti Òbúkọ lọ́nà.

Ọ̀dá dá. Omi tó kù wà nínú adágún orí òkè, ìrìn ọjọ́ púpọ̀. Ìgbín ń ṣẹ́ ewé sọ́nà bí ọdẹ, kí wọ́n lè mọ̀nà bọ̀. Òbúkọ ń jẹ ẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ebi kò pa á. Ẹnu rẹ̀ ni kì í dilẹ̀. Ìgbín kò wẹ̀yìn, ó ń kọrin lọ:

Òkè ga, mo ń gùn ún.
*Díẹ̀díẹ̀.*
Ilé ń retí omi.
*Díẹ̀díẹ̀.*

Wọ́n pọnmi tán, kùrukùru bolẹ̀.

Òbúkọ ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀nà dà?"

"Inú rẹ ló wà."

Ìgbín tọ ipa itọ́ ara rẹ̀ délé. Òbúkọ tẹ̀ lé e, imú nílẹ̀. Títí dòní, Òbúkọ kò tíì gbé imú kúrò nílẹ̀.