Aṣọ Ọdún Fáwàsì

Ẹ̀ṣẹ́ ba Fáwàsì lẹ́nu kó tó parí "Bonne année" tó ń kí.

Iṣu tó rù wá láti Kambolé fọ́n ká sẹ́nu ọ̀nà.

Ọ̀gá rẹ̀, ará Ṣáínà, ló ń lù ú. Ọ̀gá yìí kan náà ló ní kó wá bá àwọn ṣọdún tuntun Ṣáínà nílé wọn ní àdúgbò Komah, ní Sokodé, ní Tógò.

Fáwàsì rò pé wọn ò dá òun mọ̀ ni.

"Patron, ọ̀gá mi, èmi ni. Èmi tí mò ń wa ọkọ̀ yín."

Ẹ̀ṣẹ́ kejì bọ́ sí imú rẹ̀.

Àbúrò ọ̀gá gbé pákó jáde, ó là á mọ́ ọn lẹ́yìn. Fáwàsì ṣubú. Wọ́n fẹsẹ̀ gbá a níhà, wọ́n wọlé, wọ́n tilẹ̀kùn.

Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn láti imú rẹ̀ sí àyà, láti àyà dé orúnkún.

Àwẹ̀ró, ọmọ Kambolé tó ń se oúnjẹ fún wọn, yọ́ jáde pẹ̀lú omi.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ wọ̀ wá yìí?"

"Agbádá funfun tí mo fi kírun Iléyá. Mi ò ní èyí tó dára jù ú lọ."

"Aṣọ òkú ni funfun lọ́dọ̀ wọn. Ìyá ọ̀gá sì wà lójú ikú nínú yàrá. Wọ́n ní ẹ ti wá sin ín."

Fáwàsì bu omi náà fọ imú rẹ̀.

"Aṣọ wo ni wọ́n wá ń fi ṣọdún?"

"Pupa."

Fáwàsì wo ara rẹ̀ láti àyà dé orúnkún. Ó dìde, ó ń ṣa iṣu rẹ̀ jọ.

"Kanlẹ̀kùn fún mi. Sọ fún wọn pé mo ti pààrọ̀ aṣọ."