Aṣọ Funfun Nínú Ọkọ̀ Eléèédú

"Mọ́mì, aṣọ funfun nínú ọkọ̀ ojú irin eléèédú? Ẹ ò mọ̀ pé ó máa dọ̀tí ni?"

Menna ọmọ mi ló ń pariwo mọ́ mi.

"Dákẹ́ jàre. Ọjọ́ kìíní rèé tí bàbá ẹ máa mú mi jáde."

Gbogbo Sátidé ni Clifford ọkọ mi ń wa ọkọ̀ àtijọ́ tó ń fi iná èédú rìn yìí lọ́fẹ̀ẹ́ fún àwọn tó wá gbafẹ́.

"Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, màá mú ẹ dání." Orin ẹ̀ nìyẹn.

Èmi a dúró sílé, màá máa fọ èédú kúrò lára aṣọ ẹ̀.

Lónìí, mo jókòó lẹ́bàá fèrèsé. Òjò ń fọ́n sórí àwọn àgùntàn Wales.

Òun wà níwájú nídìí iná, níbi tó fẹ́ràn jù mí lọ.

Ọkọ̀ dúró gba omi. Trevor tó ń da èédú síná wá bá wa, ó ṣí fìlà.

"Ìyàwó wa, a ti ṣe é o. Ṣọ́bìrì Clifford gan-an la fi bu eérú òkú ẹ̀ tí ẹ kó fún wa síná. Ohun tó bẹ̀ wá kó tó kú nìyẹn."

Ọkọ̀ fọn fèrè, ó ṣí. Èéfín dúdú ya wọlé láti ojú fèrèsé, ó bà lé aṣọ funfun mi.

Menna bú sẹ́kún.

Clifford, o kú tán, èmi náà ni màá tún fọ̀ ẹ́ kúrò lára aṣọ!