Ẹnu Màmá Ayọ̀ká

Màmá Ayọ̀ká ló fa wàhálà ọjọ́ náà: ó ti fi obì panu kí àwọn dókítà tó dé. Ní gbogbo Ìpetu, tí wọ́n ti wo eyín àwọn yòókù sàn, ẹnu rẹ̀ nìkan ni eyín tí kòkòrò jẹ ṣẹ́kù sí, òun ni àwọn dókítà eyín fi ń ṣèdánwò bóyá ojú wọn ń rí bákan náà.

Dókítà Àjíkẹ́, ọ̀gá wọn, rí ihò méjì. Fájìnmí, dókítà tuntun, rí mẹ́ta; ẹni tí iye tirẹ̀ bá sì yàtọ̀ sí ti ọ̀gá kò ní ríṣẹ́ ṣe, iṣẹ́ ti fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ọkọ mi, dúró ná!" Màmá fi etí ìró nu eyín, ó bú sẹ́rìn-ín. "Obì ló pa á láró, kì í ṣe ihò. Àgbàyà ni mí!"

Fájìnmí tún wò ó: méjì. Ó gbá Màmá mọ́ra, ó ní:

"Màmá, lọ́jọ́ tí ẹ ò bá sí mọ́, ẹnu ta la ó máa wò?"