Omijé Morónfólú

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, Morónfólú jókòó sórí àga ìdájọ́ ní gbọ̀ngàn fíìmù, Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé tó jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀ sì so okùn tó ń ka bí àyà ṣe ń lù mọ́ ọn lọ́wọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa wo fíìmù ìfẹ́ tí ẹ̀rọ ṣe. Wọn kì í bi í léèrè ohun tó rò. Bí àyà rẹ̀ bá ń lù kìkì, tí omi sì bọ́ lójú rẹ̀, fíìmù ti yege nìyẹn.

Ti ọjọ́ náà kò dùn rárá. Ọkùnrin pàdé obìnrin nínú òjò, wọ́n jà, wọ́n parí ìjà, kò sì sí ìdí kankan tí ọ̀kan fi fẹ́ràn èkejì. Morónfólú ń yán. Lójijì, ọkùnrin náà kúnlẹ̀.

"Oníkanra mi, bí ìrẹsì rẹ tiẹ̀ ń jóná lójoojúmọ́, màá máa jẹ ẹ́."

Ohùn Akinlàwọ́n ni, ọkọ rẹ̀ tó ti kú. Orí fóònù ló ti sọ ọ̀rọ̀ yìí gan-an fún un nígbà ayé rẹ̀. Morónfólú kọjú sí Ṣówándé.

"Ta ló fún yín ní ohùn ọkọ mi?"

"Mà, òfin ti fún ẹ̀rọ láṣẹ láti lo ohùn tó bá ti gba orí fóònù kọjá."

"Ẹ̀gbin gbáà! Ẹ pa á! Mo ní kò dáa!"

Ṣùgbọ́n ìbínú ti da omi sí i lójú. Iná aláwọ̀ ewé tàn lára àga náà.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà," Ṣówándé rẹ́rìn-ín. "Ó yege."

Morónfólú já okùn náà, ó tutọ́ sílẹ̀, ó jáde. Kó tó délé, ohùn Akinlàwọ́n ti ń dẹnu ìfẹ́ kọ gbogbo obìnrin tó ń kọjá lábẹ́ pátákó ìpolówó fíìmù náà.