Òrùka Lẹ́nu Ẹ̀rọ Òòfà

Fadérera, ẹ̀gbọ́n Ìyùnadé, ló kọ́kọ́ sọ fún un pé kó má wọ ẹ̀rọ òòfà tí wọ́n fi ń yẹ ara ìyàwó wò kó tó wọlé ọkọ. "Tìrẹ ni àwọn ará ilé ọkọ rẹ máa gbọ́, wọn ò ní gbọ́ tọmọ wọn." Ìyùnadé fi í rẹ́rìn-ín. Ìyàwó wo ló tún ń wọlé ọkọ láìwọ ẹ̀rọ?

Wọn kì í mú irin wọ ibẹ̀, nítorí náà ó bọ́ yẹtí rẹ̀, ó bọ́ òrùka tí Gbádébọ̀ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ fi sí i lọ́wọ́, ó kó wọn fún ìyá Gbádébọ̀. Ó dùbúlẹ̀. Ẹ̀rọ ń dún gbì-gbì, ó ń tẹ́tí sí bí purotéènì, èròjà tó ń mú ara ṣiṣẹ́, ṣe ń ṣe nínú sẹ́ẹ̀lì ara rẹ̀.

Nígbà tó jáde, ìyá Gbádébọ̀ tó ń pè é ní ìyàwó mi láàárọ̀ wá pè é ní arábìnrin.

"Arábìnrin, ẹ̀rọ ní purotéènì kan ò ká jọ bó ṣe yẹ nínú ọpọlọ rẹ. Tó o bá dàgbà, wàá máa gbàgbé nǹkan. Ṣé kọ́mọ mi máa fi ṣíbí bọ́ ọ lọ́jọ́ alẹ́ ni?"

"Gbádébọ̀ ńkọ́, Mà? Ṣé òun ti wọ̀ ọ́?"

"Ọkùnrin kì í wọ̀ ọ́."

Ìyùnadé yíjú sí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀. "Gbádébọ̀, wọ̀ ọ́ báyìí, ká jọ mọ ohun tó wà lára wa."

Gbádébọ̀ ń wo bàtà rẹ̀. "Jọ̀ọ́, má bínú. Màámi ò fẹ́."

"Ó dáa. Mi ò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé nǹkan. Mi ò sì ní gbàgbé òní."

Ó mú yẹtí rẹ̀ ní àtẹ́lẹwọ́ ìyá náà, ó fi òrùka sílẹ̀ níbẹ̀. Gbádébọ̀ pè é títí dé ẹnu ọ̀nà. Kò wẹ̀yìn.