Ìyá Mi Kò Wá Mi

Ariwo ọkọ̀ ojú irin lórí afárá ṣì ń dún létí mi láti ogójì ọdún.

Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mí nígbà náà, ní Dublin. Èmi àti Màámi ti jà, mo sì ti sá nílé.

Lábẹ́ afárá, ilẹ̀kùn kan ṣí lára ògiri. Iwin obìnrin kan, Dervla, na búrẹ́dì sí mi.

"Alágídí, gbà, kóo jẹ."

Gbogbo wa la mọ̀ pé ẹni bá jẹ oúnjẹ iwin kò ní padà sílé mọ́. Ṣùgbọ́n ebi ń pa mí. Mo jẹ ẹ́.

"Màámi á wá mi kàn," mo ní.

Ó rẹ́rìn-ín. "Máa retí ẹ̀."

Ogójì ọdún ni mo fi ń yọjú láti inú ògiri. N kò rí àwòrán mi lára òpó kankan pé wọ́n ń wá mi. Mo kórìíra ìyá mi.

Láàárọ̀ yìí, bí mo ṣe tún ń ráhùn, Dervla pòṣé.

"Òpè! Ta ní í wá ọmọ tó wà nílé? Ọjọ́ tóo jẹun la ti rán ọmọ iwin tiwa lọ sílé yín, pẹ̀lú ìrísí ẹ. Òun ló ń fún ìyá ẹ ní tíì mu lórí àìsàn báyìí."

Mo ní kó bá mi jíṣẹ́ fún ọmọ iwin náà:

"Má jẹ́ kí Màámi mọ̀. Bí wọ́n bá kú, bá mi pa ojú wọn dé."