Ẹni Tó Dúró Láàárín Odò

Sà Gódífírì, ọ̀gá tí mò ń tọ́jú ẹṣin fún, ló sọ fún ọba pé Húgò ẹ̀gbọ́n mi sá lójú ogun nílẹ̀ Faransé. Húgò kò padà wálé mọ́. Wọ́n gbé asà rẹ̀ kọ́ dorí kodò ní ṣọ́ọ̀ṣì wa nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ojo. Ìtìjú yẹn ló pa ìyá wa. Èmi kò gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́, n kò sì dárí ji Gódífírì.

Ní àṣálẹ́ ọjọ́ kan, a dé etí odò, ẹṣin wa sì kọ̀, kò wọ omi. Ẹlẹ́ṣin kan dúró láàárín odò nínú ẹ̀wù irin. Omi ń ṣàn gba inú ara ẹṣin rẹ̀ kọjá bí ẹni pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

"Ta nìyẹn? Kúrò lọ́nà!" ni Gódífírì kígbe.

Ẹlẹ́ṣin náà gbé asà rẹ̀ sókè, dorí kodò.

"Ọ̀gá, asà Húgò nìyẹn," ni mo wí.

"Pa ẹnu dé, alágídí! Fa ìjánu, ká padà!"

Mo fà á títí, ẹṣin kò mira. Ẹsẹ̀ tèmi náà kò gbé mọ́. Ẹlẹ́ṣin náà ń bọ̀, omi kò sì dún.

Gódífírì ṣí àṣíborí irin orí rẹ̀.

"Húgò, jọ̀ọ́. Èmi ni mo sá. Ẹṣin rẹ ni mo gùn lọ."